Okùn Tí Wọ́n Ní Ká Má So Mọ́ Iná

Òórùn rọ́bà jíjó ló kọ́kọ́ wọlé, kí Darka Hnatiuk fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Yìnyín ti dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, imú rẹ̀ pọ́n bí ata, okùn iná kan tó ti jó dúdú lẹ́nu sì ń fì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la àárín àwọn oníbàárà tó ń mu kọfí kọjá, ó sì ju okùn náà sórí káńtà níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ wọlé fún àtúnṣe.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ wo ohun tó fẹ́ pa èmi àti bàbá mi lójú oorun."

Leland Reimer gbójú sókè. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ọkọ̀ Tavrin ní ìlú Yorkton, ojú rẹ̀ sì ti rí oríṣiríṣi ìbínú. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọwọ́ tí obìnrin yìí gbé lé káńtà ń gbọ̀n, àti pé kì í ṣe òtútù ló ń mú un gbọ̀n. Ẹ̀rù ni. Tí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Mi ò wá jókòó. Ẹ bá mi tún un ṣe."

"Mo mọ ohun tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yìí ń pe gbogbo wọn padà. Okùn tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná yẹn ló ní àbùkù. Tí ẹ bá so ó mọ́ iná, ó lè jó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ fún yín."

"Ó dáa. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Leland mi orí. "Páàtì tí a máa fi pààrọ̀ rẹ̀ ò tíì dé."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Wọn ò tíì sọ fún wa. Títí dìgbà yẹn, ẹ má so ó mọ́ iná rárá."

"Ọmọkùnrin yìí, ṣé ìlú yìí náà lẹ ń gbé?" Darka bi í. "Tí mi ò bá so ó mọ́ iná mọ́jú, kò ní ṣíṣẹ́ láàárọ̀. Tí mo bá so ó, á dáná sun wá. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Gbogbo àwọn tó ń mu kọfí yíjú sí wọn. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Lágbègbè wa yìí, tí òtútù bá ti wọlé tán, ọkọ̀ tí a kò so mọ́ iná lálẹ́, òkúta ni lówùúrọ̀. Oníkálukú ló ń so tiẹ̀ mọ́ ara ògiri kó tó lọ sùn, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ti Darka tún wá ju ti ẹlòmíràn lọ. Nọ́ọ̀sì ni, àwọn arúgbó tó ń gbé oko jíjìn ló ń lọ tọ́jú nílé wọn, lórí ọ̀nà tí èèyàn lè wakọ̀ títí kó má rí ẹ̀dá alààyè kan. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ìyá náà kọ̀ lọ́jọ́ tí ìjì yìnyín ń jà, ó sọ̀ kalẹ̀ pé kóun fẹsẹ̀ rìn délé, kò sì délé. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà ni àyà Darka ti ń já nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, iná tó sì yẹ kó gbà á lọ́wọ́ òtútù ló tún fẹ́ pa á yìí.

Leland wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n yá obìnrin náà ní ọkọ̀. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wà lórí àtúnṣe ni wọ́n ń yá ní ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń retí páàtì; tí wọ́n bá ṣe é fún ẹnìkan, gbogbo ìlú á tò sẹ́nu ọ̀nà. Leland jáde padà, ojú tì í.

"Ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe níbí máa ń gbóná mọ́jú," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Tí ẹ bá ti ṣíwọ́, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín wá síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Èmi á máa gbé yín délé, màá sì máa wá gbé yín láàárọ̀."

"Ṣé gbogbo oníbàárà lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

"Rárá o. Àwọn tó bá ju nǹkan lù mí nìkan ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Darka kó tó ráyè pa á mọ́ra.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irú ọkọ̀ kan náà ni Leland ní, àbùkù kan náà ló sì ní. Inú gáréèjì gbígbóná ìyá onílé rẹ̀ ló ń gbé e sùn, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣíṣẹ́ láàárọ̀. Okùn tirẹ̀, ó ti ká a mọ́ra, ó sì ti kì í bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa kàn án.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń di ilẹ̀kùn mú báyìí?" ó bi Darka lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń fẹ́ gba ojú ọ̀nà kọjá. "Ṣé bí mo ṣe ń wakọ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó burú, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn." Ó sì sọ ti ìyá rẹ̀ fún un.

Leland dín eré ọkọ̀ kù. "Ẹ̀rù máa ń ba èmi náà," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ máa retí. Tí fóònù bá ti dún láàárọ̀, ọkàn mi á fò lọ. Màá ní ilé ẹnìkan ti jó nìyẹn."

Darka wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Kò tíì rí ọkùnrin tó sọ ẹ̀rù rẹ̀ lẹ́nu báyìí rí, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ mélòó kan sí i, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, ó ti di "ìwọ". Darka ń gbé pyrohy, oúnjẹ ìyẹ̀fun àwọn ará Ukraine tó fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, wá fún un, Leland sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan lórí ìdarí ọkọ̀.

"Jẹun jẹ́jẹ́, olójúkòkòrò. Ṣé wọn ò fún ẹ lóúnjẹ nílé ni?"

"Wọ́n fún mi. Kò rí báyìí ni."

Orest, bàbá Darka, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Inú bàbá náà kò dùn.

"Àwọn tó ta iná fún wa, tí wọ́n ní ká jókòó tì í ká máa retí," ó ní, "ọ̀kan nínú wọn lo tún fẹ́ gbé wọlé?"

"Tato," ni Darka pe bàbá rẹ̀, "òun kọ́ ló ṣe ọkọ̀ yẹn."

"Òun ló ní kí a máa retí. Ẹni tó ní kí n máa retí nígbà tí ilé mi fẹ́ jó, mi ò fún un lọ́mọ."

Kí ọdún tó parí, páàtì kan dé. Ẹyọ kan péré. Àṣẹ ilé-iṣẹ́ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ tún tiẹ̀ ṣe, Leland gan-an ló sì kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ó gbé páàtì náà lọ́wọ́, ó ń ronú ọ̀nà oko tí Darka ń gbà. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní kí àwọn mẹkáníìkì fi í sínú ọkọ̀ Darka.

Darka dì mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó gbọ́. "Tìẹ ńkọ́?"

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu lórí tèmi."

Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Darka gbà pé wọ́n ti ṣe ti Leland náà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí tí bàbá fi gbà kí Leland wá bá wọn jẹun alẹ́ mímọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní, tí àwọn ará Ukraine bíi tiwọn, tó ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà àtijọ́, fi ń retí ìbí Olúwa.

Ọ̀sán ń lọ sópin nígbà tí Leland dé. Orest dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nawọ́. "Gbé e sún mọ́ ògiri dáadáa. Afẹ́fẹ́ ò ní fẹ́ ẹ níbẹ̀." Ẹni tó ń wá ojúure àna kì í jiyàn. Leland gbé ọkọ̀ sún mọ́ ògiri ilé ìdáná.

Tábìlì ti kún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ á fi yọ. Ọmọdé ló máa ń wò ó, àmọ́ kò sí ọmọdé nínú ilé náà, nítorí náà Orest fúnra rẹ̀ ló wọ ẹ̀wù, tó bọ́ síta. Ó rí ìràwọ̀. Ó tún rí ọkọ̀ àlejò tó dúró sínú òtútù láìso mọ́ ohunkóhun. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ kankan kò dúró bẹ́ẹ̀ rí nínú àgbàlá rẹ̀. Ìbáà ṣe ti ọ̀tá, á so ó mọ́ iná kó tó lọ sùn. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá okùn náà títí ó fi rí i, ó fà á jáde, ó sì so ó mọ́ ara ògiri. Bó ṣe ń so ó, ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ti dárí ji ọmọkùnrin náà.

Ó wọlé, ó ń fọwọ́ kan ra èkejì. "Ìràwọ̀ ti yọ. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Wọ́n jẹ ọkà tí wọ́n fi oyin sí, wọ́n mu ọbẹ̀ pupa, wọ́n sì bọ́ sórí ẹja. Darka ń fi ẹsẹ̀ tọ́ Leland lábẹ́ tábìlì pé kó sọ̀rọ̀. Níta, lẹ́yìn ògiri tó wà lẹ́yìn àga Leland, okùn náà ń gbóná.

"Ọmọ Reimer," Orest bẹ̀rẹ̀, "kí lo lè ṣe fún ọmọ mi?"

Leland la ẹnu láti dáhùn. Iná tó wà lókè tábìlì ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

"Bàbá," Leland rọra wí, "ṣé ẹ so nǹkan mọ́ iná níta ni?"

"Ọkọ̀ rẹ ni. Àbí kí n jẹ́ kí òtútù pa ọkọ̀ àlejò mi?"

Àga Leland ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé?" Darka pariwo. "Wọ́n ṣáà ti tún tìẹ ṣe!"

Leland sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ pupa ti wà lórí yìnyín. Iná ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ń lá ògiri pákó ilé ìdáná. Orest gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó na ọwọ́ sí okùn náà kó lè fà á yọ. Leland gbá a mú láàyà, ó tì í sẹ́yìn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná máa gbé yín! Darka, pa iná ilé, pa gbogbo rẹ̀!"

Ilé ṣókùnkùn. Leland já okùn náà, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó tú bíréèkì, ó sì fi èjìká tì í. Kò mì. Èéfín wọ̀ ọ́ lójú, irin gbígbóná bó o lọ́wọ́, kò tú u sílẹ̀. Nígbà náà ló gbọ́ mímí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Darka ti dé, bàbá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, láìdé fìlà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì í pọ̀. Ọkọ̀ náà yí, ó yí sí i, ó lọ dúró láàárín àgbàlá, ó sì jó níbẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́bìrì da yìnyín lu ògiri títí kò fi sí èéfín mọ́.

Nínú ilé, lábẹ́ iná àbẹ́là, Darka ń wẹ ọwọ́ Leland.

"Páàtì tó wà nínú ọkọ̀ mi, tìẹ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì dákẹ́."

"Ọ̀nà tí ò ń gbà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, Darka. Mi ò lè sùn."

"Èmi ńkọ́? Ìwọ nìkan lẹ̀rù ń bà ni? Tato ìbá ti fọwọ́ kan okùn yẹn! Ìwọ ìbá ti jóná mọ́ ibẹ̀! Ta ni màá wá ní?" Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó fa báńdéèjì le ju bó ṣe yẹ lọ, Leland sì fara dà á.

Láti orí àga rẹ̀, Orest sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó. Mi ò lè rí ọkọ̀ nínú òtútù kí n fi í sílẹ̀. Mi ò lè ṣe é."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá," ni Leland wí. "Èmi ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ forí jì mí."

Darka nu ojú. "Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí á máa dá ẹ̀rù rẹ̀ gbé. Tí nǹkan bá ń bà ẹ́ lẹ́rù, èmi ni wàá kọ́kọ́ sọ fún, kódà tó bá máa bí mi nínú. Èmi náà á sọ tèmi fún ẹ. Ṣé o gbà?"

Leland wò ó. "Ṣé... ṣé o máa fẹ́ mi ni?"

"Ìbéèrè ni mo bi ẹ́."

"Mo gbà. Mo gbà, olólùfẹ́ mi."

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù báyìí?"

Ọmọkùnrin náà wo ìhà ibi tí bàbá jókòó sí. "Kí Bàbá máà sọ pé rárá."

Orest fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ṣé tèmi náà wà nínú ẹ̀?" ó bèèrè. "Ṣé èmi náà lè sọ tèmi?"

"Ẹ sọ ọ́, Tato."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti ń gbé ẹ délé ni mo ti ń wò yín lójú fèrèsé." Arúgbó náà wo ọmọ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́, ọmọ mi. Mo rí i bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó máa gbé ẹ lọ, àti pé á ku èmi nìkan nínú ilé yìí."

Leland dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò jó di ọwọ́ Orest mú.

"Bàbá," ó ní, "mi ò kúkú ní ọkọ̀ tí màá fi gbé e lọ."

Orest wò ó, ó wo ọkọ̀ tó ṣì ń rú èéfín láàárín àgbàlá, ó sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n ṣègbéyàwó. Wọ́n kun ògiri ilé ìdáná tó jó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń gbé ibẹ̀.