Abo Ẹṣin Tó Ń Jẹ Pákó

Ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù ní ilé ẹṣin ọ̀gá mi ló dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn kan bá sùn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lóòró láti ṣọ́ wọn. Abo ẹṣin pupa ló máa ń ṣọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó ti kú láti oṣù tó kọjá.

Ẹnu mi ló pa á, ká má purọ́. Ọ̀gá ní kí n wo eyín rẹ̀, kí n sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo gbé ètè rẹ̀ sókè, mo rí i pé eyín iwájú ti jẹ, ó ti di kúkúrú. Mo mí kanlẹ̀, mo ní ó ti lé lógún ọdún. Ọ̀gá ní ó ti gbó jù, wọ́n sì yìnbọn pa á lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìn náà ni mo rántí pé pákó ògiri yàrá rẹ̀ ló máa ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pákó ló sì jẹ eyín rẹ̀ tán. Bóyá ni ó pé ọdún mẹ́wàá. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́.

Láti ìgbà náà ni ohun kan ti ń jẹ pákó yàrá rẹ̀ tó ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ pákó ọ̀hún. Ó sú mi dé góńgó ẹ̀mí.

"Bàbá, tí n bá tún rí ojú eyín lára pákó yìí, ẹ máa lọ sílé nìyẹn o."

"Ọ̀gá, mo ti ilẹ̀kùn pa. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún rèé."

"Ṣé pákó ń jẹ ara ẹ̀ ni?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tọ́jú ẹṣin, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Inú fu, àyà fu, mo lọ jókòó sínú yàrá náà lọ́sàn-án kí n lè mú ẹni tó ń fi mí ṣeré. Ìgbà yẹn ni àwọn ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùbúlẹ̀, bí ẹni pé ohun kan wà lóòró tó ń ṣọ́ wọn. Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Pákó ń rún lẹ́nu ohun tí n kò rí. Itọ́ kán sí mi lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ṣi ọdún rẹ kà ni."

Jíjẹ náà dáwọ́ dúró. Èémí tó ń rùn bíi koríko gbígbẹ fẹ́ sí mi lójú. Ohun rírọ̀ kan, tó ní irun ṣákaṣàka, gbé ètè mi sókè. Ó ń lọ láti eyín kan dé èkejì, kò kánjú rárá. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ètè mi sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò jẹ pákó náà mọ́. Inú ọ̀gá dùn. Èmi ni mo ń bi ara mi léèrè lójoojúmọ́ pé ọdún mélòó ló kà nínú eyín mi, àti pé ta ló lọ sọ ọ́ fún.