Ọfà Tó Ń Rìn Láìsí Ìka

Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, òun ló mọ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ṣì ń ránṣọ.

Télọ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ikú sì mú un lọ. Ikú ṣe ibi! Ohun tó kù lára ọmọbìnrin náà ò ju ohùn lọ. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ló ń gba ọ̀rọ̀ òun àti ìyá rẹ̀ sí, nígbà tí ìyá bá ń ránṣọ tí àwọn méjèèjì ń dápàárá. Bí ilé bá ti dá jù, Télọ̀ á ṣí ọ̀kan, á gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á rẹ́rìn-ín, á sunkún, á padà sídìí ẹ̀rọ.

Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ojú pẹlẹbẹ tí à ń fi ìka ra kí ọfà inú rẹ̀ lè rìn ló dà bíi pé ó bàjẹ́. Kí ìka tó kàn án, ọfà ti sáré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sáré bọ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà, ó pa á rẹ́. Télọ̀ figbe ta. Ó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ínjíníà.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ara rẹ̀ ló yá jù."

"Kó má yá sí ọmọ mi lára!"

Ínjíníà nù ún. Ó dín bó ṣe ń tètè gbọ́ ìka kù. Ọfà ń rìn. Ó pa ojú náà pátápátá, ó so máòsì mọ́ ọn. Ọfà ń rìn.

"Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká kó àwọn ohùn náà síbòmíì nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e wá?"

"Ṣé kí n máa pín ohùn ọmọ mi kiri bí ẹni ń pín súwíìtì ni?"

Ínjíníà yára ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ láti kó àwọn ohùn tó kù sínú rẹ̀. Ọfà sáré wá, ó fagi lé e. Ni Ínjíníà bá yọ máòsì, ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó yọ wáyà pẹlẹbẹ tó so ojú náà mọ́ inú, ó gbé e sókè.

"Kò sóhun tó so ó mọ́ nǹkan kan mọ́, Màmá."

Ọfà rìn. Kò sáré mọ́. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń dúró, bí ẹni tó ń ronú. Ohùn kan lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Fáànù ń yí, wọn ò gbọ́ ọ.

Ínjíníà na ọwọ́ sí bátìrì. Télọ̀ gbá a lọ́wọ́ mú. "Bó bá kú tí kò jí mọ́ ńkọ́?"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú pẹlẹbẹ náà. Ó tutù, àfi ibì kan ṣoṣo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò ju orí ìka lọ.

"Ṣé ìwọ ni? Ọmọ mi, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan péré. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọfà dúró. Ó ku ẹyọ kan. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn sì tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ." Ínjíníà ò lè wo ojú rẹ̀.

Nílé, Télọ̀ tilẹ̀kùn, ó ṣí ẹyọ tó kù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Ṣó o ti jẹun?" Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́, ó tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè dáhùn. Ó tún gbọ́ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Òótọ́ ni."

Ó tún un gbọ́, ó tún un gbọ́. Ó jókòó, ó ń wá ohun tí ọmọ náà sọ níbẹ̀, ó ń wá bí ohùn náà ṣe máa ń dún.

Kò rántí.