Ìbòmú Tí Susanna Rán

Bí Susanna bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ńṣe ni ọkàn Dúrótoyè máa ń yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Aránṣọ ni Susanna, ní Ìjòkó. Dúrótoyè ní tirẹ̀ wá láti Ìkirè, ó gba yàrá kan ní Ìlò-Awẹ́là, ó sì ń ṣe kásúà, iṣẹ́ agbowó-ojúmọ́, nílé iṣẹ́ kan ní Sàngó, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ìfẹ́ wọn dùn bí oyin. Àmọ́ ohun kan wà tí Susanna kò mọ̀.

Láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́ ni Dúrótoyè ń dúró ti máṣíìnì. Ooru. Ariwo. Kò sí ìjókòó. Bó bá délé, oorun kì í wá. Ọkàn rẹ̀ a kàn wúwo, láìsí ẹni tó bá a jà. A máa rò ó pé bóyá ìdí máṣíìnì yìí lòun máa gbó sí.

Nílé iṣẹ́ yẹn, àwọn tó ń mu sìgá nìkan ni Ọ̀gá Àmọ̀dá, olórí wọn, máa ń jẹ́ kó jáde. Kò fẹ́ iná nítòsí ọ̀rá, nítorí náà, ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ti ń fa sìgá wọn. Lọ́jọ́ kan tí ooru fẹ́ gbẹ̀mí Dúrótoyè, ó bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba atẹ́gùn díẹ̀."

"Ṣé o ń mu sìgá ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe níta? Ṣé o fẹ́ lọ máa ka ẹyẹ ni? Padà sídìí máṣíìnì ẹ, jàre!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Dúrótoyè ra sìgá.

Ẹ wo ọgbọ́n Sátánì! Ìsinmi ni ọmọkùnrin yìí ń wá, sìgá ni Sátánì nà sí i.

Lákọ̀ọ́kọ́, ikọ́ ni. Nígbà tó yá, kì í ṣe torí atẹ́gùn ló ṣe ń jáde mọ́. Kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, sìgá. Bí ìrònú bá dé, sìgá. Bí ìrònú bá lọ, ẹ̀rù pé yóò padà wá á dé, sìgá náà ni.

"Olólùfẹ́ mi, kí ló ń rùn lára ẹ báyìí?" Susanna bi í.

"Èéfín ọ̀rá ni. Ilé iṣẹ́ ni."

Omijé lé ròrò lójú Susanna. "Èéfín yẹn ò ní pa ẹ́ fún mi."

Ó mú àdìrẹ aláró tó ti rà pamọ́ de ìdána wọn, ó gé níbẹ̀, ó rán ìbòmú fún un. Inú àpò kan náà tí sìgá wà ni Dúrótoyè fi í sí.

Níjọ́ kan, Ọ̀gá Àmọ̀dá ké sí wọn lójijì. Dúrótoyè yára tẹ iná sìgá mọ́ ògiri, ó sì ki àmukù rẹ̀ bọ àpò. Kò mọ̀ pé iná náà kò tíì kú tán. Nírọ̀lẹ́, òun àti Susanna pàdé ní Ìyànà Ìyẹ̀sí.

"Ìbòmú mi dà?" Susanna fi ṣeré.

Dúrótoyè fà á yọ. Iná ti lu ihò sí i láàárín. Àmukù sìgá bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Susanna.

Kò pariwo. "Dúrótoyè, ṣé èéfín tí ìwọ fúnra ẹ ń dá ni mò ń ránṣọ dí?" Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó lọ.

Látọjọ́ náà, Dúrótoyè ò lè jẹun dáadáa mọ́. Ó fi ìbínú ju páálí sìgá sí gọ́tà, ó tún padà lọ mú un, ó sá a sóòrùn kó lè gbẹ. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé òun ti há.

Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń mu sìgá, Bọ̀wálé, tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ọgbà, wá jókòó tì í.

"Dúró, ojú ẹ ti wọnú."

"Ó ti sú mi, Bọ̀wálé. Bí mo bá sùn tí mi ò jí, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Pásítọ̀ tún ti rí ẹran mú!" làwọn amusìgá fi Bọ̀wálé ṣẹ̀sín.

"Ẹ máa rú èéfín yín lọ, jàre." Bọ̀wálé yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kí ló kọ́kọ́ gbé ẹ débí?"

"Mo fẹ́ sinmi ni."

"Ṣé o ti wá sinmi?"

Dúrótoyè mi orí pé rárá.

"Ọ̀gá Àmọ̀dá ní kó o mú sìgá wá kó o tó sinmi. Jésù ò ní kó o mú nǹkan kan wá. Bó o ṣe rí yìí ni kó o wá, tòun ti irọ́ tó o pa, tòun ti òórùn ara ẹ. Torí ẹ ló ṣe kú. Màá sì tẹ̀ lé ẹ lọ rí àwọn nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera. Ọkàn tó ń ṣàárẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú."

Dúrótoyè kúnlẹ̀ síbi ògiri tó ti ń tẹ sìgá pa. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo ti há. Yọ mí."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Àmọ̀dá pe àwọn amusìgá pé kí wọ́n jáde, Dúrótoyè kò mira.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò mu mọ́, sà."

"Ó dáa! Kò sí àtijáde fún ẹ nìyẹn!"

Dúrótoyè dúró ti máṣíìnì. Sìgá ṣì ń wù ú gidigidi. Kò rọrùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ atẹ́gùn kan ń fẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ tí Ọ̀gá Àmọ̀dá ò fún un, tí kò sì lè gbà á.

Ó mú ìbòmú náà lọ sí Ìjòkó, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Susanna gba ìbòmú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki ìka bọ ihò náà, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá àjákù àdìrẹ náà lábẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó sì ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti dí ihò náà.

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí lò ń fà mọ́ra kó o lè mí? Sìgá ni, àbí irọ́ tí kò jẹ́ kó o lè wo ojú ẹni tó fẹ́ràn rẹ? Má sọ pé ó di ọ̀la. Ibi tó o wà yìí, kódà bó jẹ́ ìdí máṣíìnì, la ẹnu rẹ kó o pe Jésù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lónìí, kò sì sí ọ̀gá kankan lẹ́nu ọ̀nà tó máa bi ọ́ pé kí lo fẹ́ wá ṣe.