Ọ̀rọ̀ tí Rùkáyyàh Gé Dànù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kó bọ́ síwájú. Ohùn mi ò ròkè mọ́, orin ló kù tí mo fi ń tì í lẹ́yìn. Ìtàn Rùkáyyàh ọmọ-ọmọ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí, ní Igbó-Ọrà, wọ́n pe àwa òbí wá gbọ́ àríyànjiyàn. Èmi tí mi ò kọjá ìwé méjì, iwájú pátápátá ni mo jókòó sí. Tíṣà Láńrewájú, tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ayé àtijọ́, ka ohun tí wọ́n máa jiyàn lé lórí: "Àwọn Lárúbáwá náà ti mú ẹlòmíràn sìn rí, kò yẹ ká máa pe Ísírẹ́lì nìkan ní amúnisìn."

Ta ni wọ́n ní kó gbè é lẹ́yìn? Rùkáyyàh, ọmọ ilé-kéú! Ta ni wọ́n ní kó takò ó? Keturah, ọmọ Màmá Keturah aránṣọ, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí wọn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Tíṣà ló mọ̀ọ́mọ̀ pín in bẹ́ẹ̀. Ó ní kí oníkálukú lọ wá ohun tó ń dun ẹnìkejì. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun láti kékeré.

Rùkáyyàh bọ́ síwájú. "Ta ló mú èdè Lárúbáwá dé Íjíbítì? Ṣé àwọn ará Íjíbítì ò ní èdè tiwọn tẹ́lẹ̀ ni? Ẹṣin àti idà ló gbé e dé. Àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa tí wọ́n kó gba aṣálẹ̀ kọjá lẹ́rú, ta ló rà wọ́n? Àwọn Júù tó ti wà ní Bàgídáàdì láti ayébáyé, kí ló dé tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ sá lọ? Bí a bá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ìmúnisìn, ẹ jẹ́ ká kà á kárí!"

Gbọ̀ngàn mì. Orin bọ́ lẹ́nu mi:

"Ọmọ mi sọ̀rọ̀, ilé gbọ́, oko gbọ́,
Ọmọ mi sọ̀rọ̀, Lọ́ńdọ̀nù gbọ́!"

Tíṣà bẹ̀ mí kí n jókòó.

Kí Keturah tó bọ́ síwájú, mo gbọ́ tó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Rùkáyyàh, jọ̀ọ́, fi fóònù ẹ ká mi sílẹ̀. Màmá mi ò lè fi máṣíìnì sílẹ̀ wá, mo fẹ́ kí wọ́n rí mi." Rùkáyyàh gbé fóònù sókè.

Keturah ní, "Adigunjalè ni àwọn Lárúbáwá. Idà ni wọ́n fi tan ẹ̀sìn wọn ká. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń gbé." Ó wò wá yíká. "Ohun tí ẹni tó ṣíwájú mi fẹ́ ká gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń gbin ólífì ní Páléstáìnì, ṣé òun ló gun ẹṣin yẹn? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣèlérí ilẹ̀ tó ń gbé fún ẹlòmíràn, wọn ò bi í léèrè. Nígbà tí ogun dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó rò pé òun ń bọ̀ láìpẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní àgọ́ dòní."

Rùkáyyàh fò dìde. "Ibojì bàbáńlá àwọn Júù náà wà níbẹ̀! Wọ́n pa wọ́n ní Yúróòpù bí ẹni pa ẹran. Níbo lo fẹ́ kí wọ́n lọ?"

"Mi ò ní kí wọ́n lọ. Ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo wojú Tíṣà bóyá á dáhùn. Ó ti tẹrí ba sórí ìwé, ó ń ṣírò máàkì wọn.

Máàkì díẹ̀ ni Keturah fi borí. Ìyẹn ò dun Rùkáyyàh tó ohun tó bá pàdé lọ́nà ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé-kéú ti dúró dè é.

"Ìyá Ísírẹ́lì! Ẹ káàbọ̀ o!" Mùíz dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un.

Àmínà ní, "Wòlímátù ti dé tán. Ta ló máa jókòó tì ẹ́? Àwa kọ́ o!"

"Tíṣà ló pín in fún mi!"

"Tíṣà ló tún fún ẹ lóhùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀?"

Wòlímátù yìí, ayẹyẹ ìparí Kùránì, ọmọ náà ti ń retí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó délé, ó jókòó ti fóònù. Ó gé ọ̀rọ̀ Keturah, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó gé e kó tó dé ibi tó ti ní "ohun tí ẹni tó ṣíwájú mi fẹ́ ká gbà nìyẹn". Ó fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù àwọn ọmọ kéú, ó kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sọ sí wa."

Lóòótọ́, wọn ò pè é ní Ìyá Ísírẹ́lì mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, Màmá Keturah ló ń rán aṣọ funfun táwọn ọmọ kéú ń wọ̀ sí wòlímátù, lọ́dọọdún. Owó iṣẹ́ yìí ló fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Màmá Keturah, ẹ kó aṣọ ọmọ mi fún mi."

"Mo ti gé e, Màmá Sódìq. Ọwọ́ aṣọ nìkan ló kù."

"Ẹ kó o bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ bi ọmọ yín."

Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa, mò ń wò wọ́n. Orin tó wà lẹ́nu mi kú síbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹkún Rùkáyyàh, tó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi.

"Pa á rẹ́!"

"Mo ti pa á rẹ́, Màmá. Ó ti dé Èrúwà. Ó ti dé Àyétẹ̀."

"Pe ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀!"

"Ta ni n óò pè?"

Mo gba fóònù, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n bí ẹni tí iyanrìn wà nínú bàtà rẹ̀. Kò sí ohun tó jáde.

Rùkáyyàh fi odindi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Wọ́n ní ó gùn jù. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ Ààfáà Tàjùdéèn, wọ́n gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, wọ́n sì ní kó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo òbí. Ó jẹ́wọ́. Àwọn kan dá aṣọ padà fún Màmá Keturah. Àwọn kan ti gbé tiwọn fún aránṣọ mìíràn. Ó kúnlẹ̀ fún Màmá Keturah.

"Mo dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ẹni tó gbọ́ tàkọ́kọ́ ló wà níbí?"

Wọn ò sí níbẹ̀. Àwọn kan sọ òkò lu páànù ilé rẹ̀. Ló bá mú Keturah lọ sọ́dọ̀ Zachariah, àbúrò rẹ̀, ní Ìgàngán, kó lọ parí ìwé níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gé kó tó parí, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu onítọ̀hún ló ti jáde. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣẹ̀sín, ẹ má ti ọ̀rẹ́ yín síwájú kó lọ gbà á fún yín. Ìjà tó wà lọ́nà jíjìn yẹn, a ò rí i parí. Tilé wa nìkan la lè ṣọ́, Rùkáyyàh ò sì ṣọ́ ọ.

Wòlímátù dé, Rùkáyyàh ka tiẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn. Màmá Keturah wá, ó jókòó tì mí. Wọ́n gbé ìrẹsì dé, a jẹ, a yó, mo tilẹ̀ kọrin díẹ̀. Oníkálukú ń lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Màmá Keturah bu ti ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó so ó dáadáa kó má tutù. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń dúró de oúnjẹ náà.