Ẹni Tó Bá Motọ́lání Ṣe Àáró

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jiyàn. Ó ṣojú mi kòró. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé wa ní Ìkéré. Bí nǹkan bá ń hó, mo máa ń fẹ́ mọ iná tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn kíláàsì wa la ti ń sun pàǹtí láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti kú, koríko pàápàá kì í hù. Motọ́lání, tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ní kí a má sun ún mọ́. Ó ń kó èèpo iṣu, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìyẹ jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, kó fi dá ọgbà ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Àwa olùkọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Ààtàn. Ṣùgbọ́n òórùn náà ń dé ọ́fíìsì, Puríńsípà Ládépọ̀ sì búra pé bí kò bá tíì jẹrà kí àwọn òbí tó wá ṣèpàdé, òun á ní kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́.

Yíyí là ń yí irú òkítì bẹ́ẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọnú rẹ̀. Ó ju agbára obìnrin kan lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí igbó ẹ̀yìn ọgbà, ó ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

"Ìsí ni á bá mi ṣe àáró? Bá mi yí eléyìí, kí n bá ẹ ro tìẹ!"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rín in. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe àáró láìmọ ẹni tí à ń pè, torí ẹni tó bá bá ọ ro, dandan ni kí o bá a ro.

Nígbà tó di àárọ̀, a bá òkítì náà ní yíyí. Àwọn nàílọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ẹnìkan ti ṣà wọ́n sọ́tọ̀, ó fi òkúta tẹ̀ wọ́n. Èéfín ń rú. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, ohun tó ń jẹrà a máa gbóná. Ilẹ̀ tó yí i ká ni mo ń wò. Ìrì ti mú un rọ̀. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan.

"Ọ̀gá Ọláníyì, ẹ̀yin ni?" ni Motọ́lání bi mí.

"Èmi kọ́."

"Ìsí ni?"

Mo tún wo ilẹ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Bí òkítì náà bá ti fẹ́ tutù báyìí, a ó bá a ní yíyí. Òórùn lọ. Ó dúdú, ó kúnná. Nígbà tí ìpàdé kù sí dẹ̀dẹ̀, Puríńsípà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbé e símú.

"Madam, ẹ kú uṣẹ́ o."

Inú mi dùn. Motọ́lání kò rẹ́rìn-ín.

"Mo jẹ àáró," ló wí.

"Ta lẹ jẹ?" ni Puríńsípà béèrè.

Ó fẹnu júwe igbó.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Motọ́lání gbé ọkọ́, a wọbẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi rí ilẹ̀ kan tí wọ́n ṣán. Wọ́n ti kọ ebè dé ìdajì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Kò sí ahéré. Ẹyẹ kankan kò ké.

"Ẹ jẹ́ ká padà." Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́.

"Wọ́n ti ṣe tèmi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ebè. Ojú tì mí. Èmi náà mú ọkọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọkọ́ kẹta lápá òsì mi, ó rọra ń wọlẹ̀. N kò wo ibẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni Motọ́lání wí.

Ọkọ́ náà dúró díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí lọ. N kò mọ ibi tó gbà.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti bo ilẹ̀ tó kú nì, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́. Lánàá, a da èèpo sílẹ̀ fún òkítì tuntun. Motọ́lání kọ́kọ́ lọ sí etí igbó.

"Ọjọ́ wo ló kan oko tiyín?" ló béèrè.

Mo ti pọ́n ọkọ́ tèmi.