Ọwọ́ Òsì Àgùnfọn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wa láàyè, tó sì fún wa láyè láti jókòó ti ìwé. Ìtàn tí mo mú wá lónìí, ìtàn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n omijé inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rín lọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé kíka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ló ń bá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Bí ìdíje bá ti ń lọ, ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀: ta ló jù ú, láti ibo, ṣé ó wọlé, ta ló dúró níwájú ẹni tó jù ú. Akọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìdíje, ọkùnrin tó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà wá dúró ti tábìlì rẹ̀ bí òpó iná. Àgùnfọn ni ìnagijẹ rẹ̀. Ayò méjì péré ló jẹ lọ́jọ́ náà, àwọn òǹwòran sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀fun wọn fi gbẹ: Àgùnfọn tí kò lè ká èso.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ wa sílẹ̀?” ló bi í.

“Iṣẹ́ yín ni mò ń kọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ fi ṣe iṣẹ́, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Àánú ṣe Akọ̀wé. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó sì fi hàn án pé ní gbogbo ìṣẹ́jú tó fi wà lórí pápá, ẹgbẹ́ wọn fi ayò mọ́kànlá ju àwọn alátakò lọ. Gbàrà tó jókòó, àwọn alátakò fi mẹ́sàn-án jù wọ́n. Ó ní ẹni tó ń jẹ ayò ni ayé ń rí, ṣùgbọ́n iye kì í ṣojúsàájú: Àgùnfọn ló ń dí ọ̀nà, òun ló ń mú kí ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù máa gbọ̀n.

Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó. Láti kékeré tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò tíì sí ẹni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí “ẹ̀yin” fi di “ìwọ”, tí “ìwọ” sì di “olólùfẹ́ mi”. Ìyá Àgùnfọn ni kò fẹ́. Opó ni, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì nìyẹn. Ó ní ọmọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ ní gbangba, ṣé kò ní máa ka iye ẹran tí òun bá bù sínú ọbẹ̀? Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, ìyẹn gbígbà tó ní ìkùnsínú nínú. Wọ́n wá fi ìgbéyàwó sí oṣù kan lẹ́yìn tí ìdíje ọdún náà bá parí.

Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń lọ sópin, Akọ̀wé rí ohun kan tó já a láyà. Ó ń to àwọn bọ́ọ̀lù tí àwọn alátakò jù níwájú Àgùnfọn ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti jù wọ́n wá. Nínú ogún tí wọ́n jù láti ọwọ́ ọ̀tún Àgùnfọn, márùn-ún ló wọlé. Nínú ogún láti ọwọ́ òsì, mẹ́rìndínlógún. Lọ́dún tó kọjá, ọgbọọgba ni. Ó wo fídíò títí. Ó rí i pé bí bọ́ọ̀lù bá ti apá òsì wá, gbogbo orí ni olólùfẹ́ rẹ̀ ń yí kó tó mira.

Ó pè é sí kọ́rídọ̀ ilé ìṣeré, ó na ife omi sí i láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Àgùnfọn ò gbà á. Kò mọ̀ pé ife kankan wà níbẹ̀.

“Láti ìgbà wo?” ni Akọ̀wé béèrè.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òkùnkùn ti ń rá wọ ojú òsì òun. Òun ò lọ sílé ìwòsàn nítorí bí dókítà ẹgbẹ́ bá gbọ́, bọ́ọ̀lù tán nìyẹn, òun ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ ọ̀run.

“Ìdíje méjì péré ló kù, olólùfẹ́ mi. Má kọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, má kọ ọ́. Tí a bá ti parí, màá lọ fúnra mi.”

Ẹ̀yin ará, ìfẹ́ a máa fọ́ ọlọgbọ́n lójú ju àrùn lọ. Akọ̀wé ò purọ́. Ohun tó burú ju irọ́ ló ṣe. Ó da ọ̀tún àti òsì pọ̀ nínú ìwé tó kọ fún kóòṣì, olùkọ́ ẹgbẹ́ náà. Nínú ogójì bọ́ọ̀lù, mọ́kànlélógún ló wọlé, iye tó jọ ti ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù, tí kò lè mú ẹnikẹ́ni fura. Gbogbo iye inú ìwé náà ló jẹ́ òótọ́, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́ èké. Kóòṣì kà á, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì fi Àgùnfọn ṣọ́ ẹni tó le jù nínú àwọn alátakò, ẹni tó jẹ́ pé apá òsì yẹn gan-an ló máa ń gbà kọjá.

Kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi nínú ìdíje tó tẹ̀lé e, bọ́ọ̀lù kan fò wá láti apá òsì, ó gbá Àgùnfọn lójú. Kò gbé ọwọ́ sókè. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó lulẹ̀ bí igi, àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Òun náà dìde, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń tá ràrà bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Olúwa má jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun fọ́ ojú ẹni tí òun fẹ́. Ó dìde, ó tẹ ìwé tòótọ́ jáde, ó mú un lọ bá kóòṣì.

Kóòṣì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi Akọ̀wé bóyá ọwọ́ rẹ̀ náà ló kọ ti àkọ́kọ́, ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni. Kóòṣì ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àgùnfọn bọ́ aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ìmúra ni àwọn méjèèjì ti pàdé.

“Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó rí mi,” ni Àgùnfọn wí, kò pariwo rárá. “Ìwọ náà lo wá tà mí. Má wá sọ́dọ̀ mi mọ́.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Akọ̀wé fi ń pè é lórí fóònù tí kò gbé e. Orin tó máa ń kọ láàárọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó gbà pé òun ti pàdánù iṣẹ́ àti ọkọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti pé òun ò tilẹ̀ lè sọ níwájú Ọlọ́run pé ọwọ́ òun mọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Àgùnfọn ni, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe dìde nídìí ẹ̀rọ. Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó ń retí èébú.

Ìyá ní kó dìde. Ó ṣàlàyé pé àwọn dókítà ní agbára omi inú ojú ọmọ òun ló pọ̀ jù, ó ti tẹ iṣan ojú òsì pa, ìyẹn ò ní ríran mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ti ọ̀tún, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀tún yóò dúró. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, méjèèjì ni ìbá lọ.

“Ó ní òun ò fẹ́ rí ẹ,” ni ìyá wí. “Èmi ni mo fẹ́ rí ẹ. Mo sọ pé àṣìṣe ọmọ mi lo máa ń kà. Èmi tí mo bí i, tí à ń jọ jẹun lójoojúmọ́, mi ò rí nǹkan kan. Wọ bàtà rẹ, ọmọ mi.”

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn tó kúrú jù fún un ni wọ́n bá Àgùnfọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

“Mi ò tíì dárí jì ẹ́,” ni ọkùnrin náà wí.

“Mo mọ̀.”

“Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí o má kọ ọ́. Mi ò tíì dárí ji ara mi náà.”

Akọ̀wé rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó yí padà láti lọ.

“Má lọ,” ni Àgùnfọn wí, omijé sì gba ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá fa àga wá sí apá ọ̀tún, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti lè máa wo ìyàwó rẹ̀. Akọ̀wé gbé àga náà, ó yí ibùsùn ká, ó gbé e sí apá òsì.

“Ọ̀tún, ìwọ lo máa máa ṣọ́ ọ,” ló sọ fún Àgùnfọn. “Ibí yìí ni tèmi.”

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ òsì ọkùnrin náà. Àgùnfọn ò rí ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dì í mú.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí dé ibí, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tí o kò lè rí ṣófo. Kí ó fi ẹni tó fẹ́ ẹ dénú síbẹ̀, ẹni tí kò ní fi òótọ́ pa mọ́ fún ọ, kí ó sì fún ọ ní ọkàn tí yóò lè gba òótọ́ náà. Àmín.