Katapílà Tó Ti Gbóná Kí A Tó Dé

"Ẹ jẹ obì, ẹ jẹ obì! Ọ̀rọ̀ ti bùṣe!"

Ohùn Àlàájì Jìbírílù ló gba àgbàlá rẹ̀ ní àdúgbò Half Die, nílùú Banjul, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1976. Katapílà àlòkù kan tó fẹ́ tà dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀dà tuntun ń dán lára rẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá oníṣòwò ìlú náà jókòó sórí ẹní láti ṣe ẹlẹ́rìí.

Àjàmú ló fẹ́ rà á. Abọ́ àti aṣọ ló ti ń tà fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì létí òkun ní Kotu ti ṣèlérí pé bó bá lè ní katapílà, òun ni yóò máa bá wọn tẹ́ ilẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ló bá gbà láti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dí i. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni òun, Mùtíàt ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́rin fi ń jẹun. Wọn kò ní òmíràn.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí ènìyàn bá ti gba obì ọjà, tí wọ́n ṣàdúà lé e, tó bù ú jẹ, ọjà ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá yẹ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn obì, ìtìjú kò ní jẹ́ kó jókòó láàárín èèyàn mọ́. Àlàájì mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré pín obì gbànja nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan katapílà. Àgbà tó ń fi àdúà bo ọjà jíjẹrà mọ́lẹ̀, ó ń bí mi nínú.

Obì ti wà lọ́wọ́ Àjàmú nígbà tí Mùtíàt wọlé pẹ̀lú Ebrima, mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wọn, ọmọ Banjul tó ti fi ogún ọdún tún katapílà ṣe. Wolof ni Ebrima ń sọ. Mùtíàt, tó ti gbọ́ Wolof ní àgbọ́yé lẹ́nu ọjà, ló ń túmọ̀ fún wọn.

"Bàbá Kàfáyàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ ẹ́," ni Mùtíàt wí.

Àlàájì fajú ro. "Ìyá Kàfáyàt, ṣé èmi lẹ mú mẹkáníìkì wá bá? Èmi tí mo gba ọkọ yín sílé lọ́jọ́ tó ti Ìsẹ́yìn dé? Ọmọ ìlú kan náà ni wá!"

"Ẹ ṣeun, Àlàájì. A ò ní gbàgbé láéláé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tí ẹ gbà á sí la fẹ́ rà, katapílà ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ irin?"

"Irin kọ́ ló ń bọ́ ọmọ mi, bàbá, ṣọ́ọ̀bù ni. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú oyún, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ibà. N kò ní kúrò lójú kan yìí títí Ebrima yóò fi wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kúrò, kó wá gbé mi."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Inú mi dùn sí obìnrin náà, mi ò ní purọ́.

Ebrima gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, kíá ló fà á sẹ́yìn.

"Ó ti gbóná," ni Mùtíàt túmọ̀. "Ó ní ta ló tan án kí a tó dé?"

"Oòrùn ni!" ni Àlàájì dáhùn.

"Lábẹ́ igi máńgòrò?"

Ebrima wá ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbó máa ń kọ̀ láti jí bó bá tutù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan án sílẹ̀ ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dáhùn, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì rò pé ara rẹ̀ le. "Haral," ó wí, ìyẹn ni kí wọ́n dúró kó tutù.

Kò jókòó lásán. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì náà funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà lára apá tó gbé abẹ ńlá iwájú tó fi ń ti ilẹ̀ dúró, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ yọ síta. Ó dùbúlẹ̀ wo ṣéènì tí katapílà fi ń rìn, eyín irin tó ń wọ́ ọ ti jẹ tán, ó sì mú bérébéré.

Wọ́n kírun Ásárì, wọ́n tún dúró pẹ́. Nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì tutù, wọ́n ní kí awakọ̀ Àlàájì tan án. Ó wúkọ́, ó kọ̀. Ìgbà kẹrin ló tó jí, èéfín funfun sì bo gbogbo àgbàlá. Ebrima ní kó ti òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Kò tíì tì í dé ìdajì tí ṣéènì fi yọ, tó sì dúró gbagidi síbẹ̀.

Àlàájì sún mọ́ Àjàmú. "Ṣe jẹ́jẹ́, àbúrò mi. Kí ni àwọn onílẹ̀ ibí yìí yóò máa sọ nípa àwa Yorùbá? Jẹ obì rẹ, ká bo àṣírí ara wa. Èmi yóò bá ọ tún un ṣe."

Àjàmú kò tíì kojú Àlàájì rí. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Àlàájì, àṣírí ta ni? Ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi, ẹ tún ní kí n bò yín láṣọ. N kò rà á! Bó bá wù yín, ẹ lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́."

Ó fi obì sílẹ̀ lórí ẹní, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jáde.

Wọ́n lé e lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi pè é síbi ìsọmọlórúkọ. Àràárọ̀ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá fẹ́ ra katapílà àlòkù, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ wákàtí tí ẹ ń bọ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Ẹ wo ọ́ìlì, ẹ ha ọ̀dà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ gidi lójú yín, kó má kàn máa bú lásán. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ má jẹ obì ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe àna yín. Bí wọ́n bá ní ẹ̀ ń rí àgbà fín, ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹni tó ń bínú pé ẹ wo ọjà òun ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.